Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Wá Tọrọ Asiyah

Ìyá Asiyah fi ẹnu ara rẹ̀ lé oore ọmọ rẹ̀ lọ.

Asiyah ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì. Nígbà tó wálé sí Ọ̀yọ́, ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ sọ́dọ̀ nígbà ìsinmi, láti jọ wá ojútùú ìṣirò tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Yàrá àti oúnjẹ, ọ̀fẹ́ ni.

"Ta ní ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìṣirò?" ni ìyá rẹ̀ wí nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

"Màámi, obìnrin ni ọ̀gá wọn."

"Ṣé kò bí ọmọkùnrin ni?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Asiyah ń wẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ gbé e.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dorcas ni. Ọmọ yín wù wá púpọ̀. Ṣé yóò wá?"

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà kì í gba ọ̀rọ̀ dídùn gbọ́, nítorí náà n kò lè bú ìyá náà. Ó dáhùn bí a ṣe ń dá àna tí a ò fẹ́ lóhùn: "Ẹ pẹ́ jù. A ti fi í fọ́kọ. Kò kàwé mọ́."

Kò sọ fún Asiyah. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ náà pè wọ́n fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti gba ààyè náà. Àwọn tí kò tíì jáde ní yunifásítì nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, Asiyah á ti jáde.