Orúkọ Tí Medinat Kì Í Pè

Ìyàwó mi kò pe orúkọ mi rí. Kì í ṣe pé a jà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú nìyẹn: obìnrin kì í pe orúkọ ọkọ, kì í sì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá bá nínú ilé ọkọ, bó ti wù kí onítọ̀hún kéré tó. Kí a tó bí Habeebah, "Ẹ gbọ́ ná" ni mò ń jẹ́ nílé. Nígbà tí a bí i tán, mo di Bàbá Habeebah. Kàfí àbúrò mi ṣì ń pààrọ̀ eyín nígbà tí Medinat wọlé wa, ni Medinat bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Kàfí ti di ìyá ọlọ́mọ ní Thamesmead báyìí, Eyínfúnjowó náà ló ṣì ń jẹ́.

Lọ́dún tí mo mú Medinat wá sí London, òyìnbó ìmígíréṣọ̀n kan bi í pé kí ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó mú páásípọ́ọ̀tù mi jáde, ó ṣí i, ó fi ìka tọ́ka sí i. Ọkùnrin náà ní kó fi ẹnu sọ ọ́. Ó wolẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n sọ pé ìgbéyàwó irọ́ ni. Ẹsẹ̀ kan kúrú lára bẹ́ńṣì tí mo jókòó sí níta. Bí mo bá ti mí, á dún. Mi ò gbàgbé bẹ́ńṣì yẹn.

Mi ò mọ̀ pé orúkọ náà tún máa kó wa sí wàhálà, àfi ìgbà tí wọ́n rí kókó nínú ọpọlọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń sá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní kí n gbé nǹkan tí wọ́n fi ń se omi wá fún òun, bẹ́ẹ̀ kẹ́tù ló tẹjú mọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́, nítorí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló ṣubú ní ibùdókọ̀ Woolwich Arsenal, nígbà tó ń ti ọjà bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì mú un, ẹja tó rà sì fọ́n ká. Aláàánú kan ṣa ẹja náà jọ, ó fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo dé, ni mo bá gbé e wọ inú áńbúláǹsì. Ní ọsibítù ẹ̀gbẹ́ Woolwich Common, bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán orí ìyàwó mi lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni omi yìnyín ẹja náà ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan tọ̀ mí wá, ó fi ọ̀wọ̀ bi mí bóyá òkú nǹkan kan wà nínú àpò mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, márùn-ún ni wọ́n.

Àwòrán náà fi kókó kan hàn ní apá òsì ọpọlọ. Wọ́n fi wá ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Dókítà ibẹ̀ ní kókó náà kì í tètè dàgbà, ṣùgbọ́n ó fara ti ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń wá. Wọn ó ṣí orí Medinat, wọn ó wá jí i lórí tábìlì, kó máa dárúkọ nǹkan inú àwòrán bí wọ́n ṣe ń gé kókó náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há, wọn ò ní fi abẹ kàn án. Medinat fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó ní kí n bi wọ́n bóyá òun á lè bo orí òun. Dókítà ní ó lè bo gbogbo ibi tí àwọn ò bá gé.

Margaret ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá ni Medinat kọ́kọ́ gbọ́, Yorùbá la ó fi yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì mú fọ́tò àwọn ẹbí wá kún àwòrán àgbò àti kọ́kọ́rọ́. Wọ́n fún wa ní ògbufọ̀ tó ń jẹ́ Keziah, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí wọ́n bí sí Thamesmead. Yorùbá rẹ̀ já geere, ṣùgbọ́n kò gbé ilé ọkọ ní Ìjẹ̀bú rí. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́, mò ń wa bọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ àyẹ̀wò náà.

Nígbà tí mo lọ gbọ́ èsì, ojú Margaret kò dùn ún wò. Ó ní Medinat mọ àgbò, ó mọ kọ́kọ́rọ́, ó mọ ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ibi tí orúkọ èèyàn ń gbé ti bàjẹ́. Wọ́n fi fọ́tò Kàfí hàn án, eyín ló ń sọ. Wọ́n fi tèmi hàn án, ó ní bàbá ẹnì kan ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó léwu láti gé apá ibẹ̀, wọ́n lè fi púpọ̀ sílẹ̀ nínú kókó náà.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé àṣà wa. Keziah fi ọwọ́ bo ojú. Margaret náà rẹ́rìn-ín, ó wá bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀ pé Medinat ṣì mọ orúkọ náà.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mi ò mọ̀. Ó ti gbàgbé kẹ́tù, kẹ́tù sì wúlò fún un jù mí lọ.

Nígbà tí mo délé, mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Medinat, kí ni orúkọ mi?"

Ó gbójú sókè. "Ẹ ti gbàgbé ni?"

"Mo yọ̀ǹda fún ẹ. Pè é."

"Ẹ̀yin lẹ yọ̀ǹda. Màmá ńkọ́?"

A pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Etí Màmá ti wúwo, nítorí náà gbogbo àdúgbò ló bá wa gbọ́ ọ̀rọ̀ kókó náà. Habeebah gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Grandma, jọ̀ọ́ sọ fún Mummy kó pe orúkọ Daddy."

"Kó pè é," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n etí tèmi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ." Ó sì pa fóònù fúnra rẹ̀, ẹni tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí pé òun ò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Medinat la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là, ẹ̀rín sì gbé e lọ títí ó fi ń fi ìborùn nu ojú. Habeebah ń rẹ́rìn-ín, èmi náà fi eyín hàn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá àṣà ló ń rẹ́rìn-ín yẹn, tàbí kókó.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, mo jókòó sí kọ́rídọ̀. Ẹsẹ̀ àga ibẹ̀ pé. Keziah ló wà nínú yàrá lọ́dọ̀ wọn, òun ló sì wá ròyìn fún mi.

Ó ní bí wọ́n ṣe jí Medinat, ó kí gbogbo wọn kú iṣẹ́, ó ní kí Keziah bá òun kí ẹni tó wà lẹ́yìn òun dáadáa, nítorí òun ò lè yí orí. Ó pe àgbò, ó pe ìgbálẹ̀. Nígbà tí dókítà fi irin tín-ín-rín kan tọ́ ibì kan nínú ọpọlọ rẹ̀, agboòrùn kọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì fi àmì síbẹ̀, wọ́n yẹra. Ó ku ẹ̀là ńlá kan nínú kókó náà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ èèyàn wà níbẹ̀, ni Margaret bá gbé fọ́tò mi sókè.

Medinat dákẹ́. Dókítà gbé ọwọ́ kúrò.

"Mummy," ni Keziah wí fún un, "bí ẹ ò bá pè é, wọn á fi èyí tó kù sílẹ̀ sórí yín."

"Ṣé wọ́n wà níbí?"

"Rárá, Mummy. Ìta ni Daddy wà."

"Ara ilé wọn kankan ńkọ́? Ṣé Màmá ò sí lórí fóònù?"

Keziah ní kò sí.

"Ṣàmsúdéènì," ni Medinat wí. "Ṣàmsúdéènì Àjàní. Tó ní òun máa tún ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ ṣe láti Ramadan."

Dókítà bi Keziah bóyá ọ̀rọ̀ gidi ni. Keziah ní gidi ni, ó tilẹ̀ pọ̀. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró. Níwọ̀n ìgbà tó bá ti ń dárúkọ tó sì ń sọ̀rọ̀, òun á máa gé e. Keziah ní ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ó sọ ti híhan-orun mi. Ó sọ ti kóòtù rẹ̀ tí mo gbé fún Kàfí. Ó sọ ti bí mo ṣe gbé ẹja jókòó ní ọsibítù dípò kí n gbé e lọ sínú fírísà. Orúkọ mi ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó rojọ́ mi tán, ẹ̀là náà ti jáde.

Dókítà sọ fún mi pé àwọn yọ ọ́ ju bí àwọn ṣe rò lọ, pé wọn ó máa ya àwòrán orí rẹ̀ lóòrèkóòrè láti ṣọ́ èyí tó kù. Mo dúpẹ́. Mo ń rò ó pé ká ní mo jẹ́ ọkọ tó dára díẹ̀ sí i ni, èyí tó kù ì bá pọ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, báńdéèjì wà lórí rẹ̀, ìborùn sì wà lórí báńdéèjì.

"Keziah ní o pe orúkọ mi."

"Orúkọ ta ni?"

"Èmi."

Ó kọjú sí ògiri. "Oògùn tí wọ́n fún mi ni, Bàbá Habeebah. Tíì wọn ò dùn. Bí ẹ bá délé, ẹ gbé kẹ́tù kaná, kí ẹ po tiwa wá."

Ó pe kẹ́tù tààrà, kò wá a rárá. Mo ní ó dáa. Woolwich ni mo gbà lọ sílé, mo sì yà ra wáṣà, rọ́bà kékeré tó ń dá omi dúró, fún ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀.