Wáyà Kò Dé Ilé Kòkó

Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri Àkúrẹ́ pé Rùkáyátù, aláfojúdi ni. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni mí! Àfojúdi tí mo ṣe yẹn, bó bá di ọ̀la, màá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó là ń bá ṣiṣẹ́. Àkúrẹ́ ni àwọn ọ̀gá wà, ẹ̀ka tèmi sì wà ní ìlú Oǹdó, nínú ọgbà Màmá Akínbọ̀wálé, opó tó ni ilé. Ọ́fíìsì wa wà níwájú, ilé tí a ti ń wọn kòkó wà lẹ́yìn pátápátá. Àwọn kọ̀ǹpútà iwájú ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí tó wà ní ilé kòkó dá wà bí adití. Bí Ọlábọ̀dé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá wọn kòkó tán, á kọ ọ́ sí bébà, á sáré gbé e wá fún mi, èmi á tún un tẹ̀. Àgbẹ̀ á sì jókòó, á máa fi etí fìlà nu òógùn.

Ọdún yẹn le, ẹ ò ní gbàgbé. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Ọ̀gá Oríọlá pè mí láti Àkúrẹ́. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n". Ìbínú ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán nínú mi.

"Rùkáyátù, bí kọ̀ǹpútà ilé kòkó ò bá tíì dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù di ọjọ́ Ajé, màá mú mọ́tò wá kó gbogbo ẹ̀ wá sí Àkúrẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n, kálukú yín á gba ilé bàbá ẹ̀ lọ."

Mo ní kó fún wa ní wáyà. Ó ní kò sí wáyà. Mo ní ṣé okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí la máa fi so ó ni? Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Inú bí mi, kí n má purọ́. Ìyàwó Ọlábọ̀dé ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èmi náà, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́jú ìyá mi tó wà ní Ìsìkàn ní Àkúrẹ́. Ibi tí a jókòó sí jẹ́jẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ wá lé wa? Wọ́n parọ́!

A tú ọ́fíìsì palẹ̀, wáyà àlòkù méjì la rí. Ọ̀kan kúrò ní ọ́fíìsì, ó dé àárín ọgbà, ó tán. Ìkejì kúrò ní ilé kòkó, òun náà dé àárín ọgbà, ó tán. Wáyà yìí kì í sì í ṣe ti iná, tí èèyàn lè fi eyín bó kó lọ́ ọ pọ̀. Àpótí kékeré kan tí à ń pè ní súwíìṣì ló gbọ́dọ̀ wà níbi tí méjèèjì ti pàdé. A rí ògbólógbòó kan nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ iná, kò sì gbọdọ̀ fojú kan òjò.

Kí ló wà láàárín ọgbà? Sàréè ọkọ Màmá. Bàbá ló kọ́ ilé náà, inú ọgbà ẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe. Táìlì funfun, òrùlé páànù lórí ẹ̀, àti iná kan tí Màmá máa ń tàn nírọ̀lẹ́ kí bàbá má bàa wà nínú òkùnkùn.

"Òrùlé wà, iná wà," ni Ọlábọ̀dé wí.

"Ọlábọ̀dé, ṣé orí ẹ pé?"

Ọmọ mùsùlùmí ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í kọ́ ilé lé òkú lórí, áńbọ̀sìbọ́sí ká gbé ẹ̀rọ lé e. Ṣùgbọ́n ta ni màá fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún?

A lọ kúnlẹ̀ fún Màmá. Wọ́n gbọ́ wa tán. Wọ́n lọ síbi sàréè, wọ́n gbá ewé kúrò lórí táìlì, wọ́n sì fi èdè Oǹdó bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yé mi: "Bàbá Akínbọ̀wálé, àwọn ọmọ iwájú fẹ́ gbé ẹrù kan tì ọ́. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í ṣe olè. Bá wọn ṣọ́ ọ." Omi bọ́ lójú mi, mi ò mọ ìgbà tó bọ́. A gbé súwíìṣì sórí táìlì lábẹ́ òrùlé yẹn, a so wáyà méjèèjì mọ́ ọn, a sì fa iná sí i níbi tí iná Màmá ti ń wá.

Lọ́jọ́ Ajé, mọ́tò dé lóòótọ́. Ọlábọ̀dé gbé àpò kòkó sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́; lójú ẹsẹ̀ ni iye ẹ̀ yọ lórí kọ̀ǹpútà iwájú mi. Mo pariwo, "Ẹ wá wò ó, sà!"

Ọ̀gá Oríọlá wò ó, ojú ẹ̀ ò dùn. Ó tẹ̀ lé wáyà jáde títí ó fi dé ìdí sàréè.

"Kí nìyí? Orí òkú? Ẹ fẹ́ sọ ẹgbẹ́ di yẹ̀yẹ́! Yọ ọ́ kíá. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá sì ti dákẹ́, ẹ mọ ohun tí mo wí."

Àṣé àwáwí tó máa fi lé wa ló ń wá tẹ́lẹ̀!

"Mi ò yọ ọ́, sà."

"Kí lo wí?"

"Ẹ ní kó ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò yọ ọ́."

Ó kọjú sí dírẹ́bà ẹ̀ pé kó yọ ọ́. Dírẹ́bà wo sàréè, ó ṣí fìlà. "Ọ̀gá, mọ́tò ni wọ́n ní kí n máa wà."

Ìgbà náà ni Màmá jáde. "Má dààmú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Yọ ọ́ fúnra ẹ. Ṣùgbọ́n èmi sọ fún ọkọ mi kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, ìwọ náà máa sọ fún un. Dárúkọ ara ẹ, dárúkọ bàbá tó bí ẹ, kó o wá sọ ìdí tó o fi fẹ́ yọ ọ́."

Ọ̀gá bọ́ bàtà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé táìlì, ó nawọ́. Ó la ẹnu, ó ní, "Èmi Oríọlá, ọmọ…"

"Ó ń gbọ́ ẹ," ni Màmá wí. "Sọ ìdí ẹ̀."

Ọwọ́ ẹ̀ wà lófuurufú, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ìdí wo ni yóò sọ? Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́ nínú wa. Nígbà tó yá, ó fa ọwọ́ ẹ̀ padà.

Mo kúnlẹ̀ bó ti yẹ ọmọ tí wọ́n kọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé bàtà ẹ̀ fún un.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ tètè máa lọ, ọ̀nà Àkúrẹ́ jìn. Àwa ní kòkó tí a fẹ́ wọ̀n."