Alákẹtẹ̀ Inú Fíìmù Japan

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: Sàlàkọ́ ò gbọ́ èdè Japan. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníbọ́ọ̀sì, ó sì mọ irọ́ pa dáadáa. Ṣùgbọ́n torí pé ó bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, tí ọkọ̀ náà sì gúnlẹ̀ sí Yokohama lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tí kò lè sọ fún yín nípa àwọn ará ibẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ, Bọ̀dá ni mo sì ń pè é lójú ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún 1994 ni. Ẹ̀gbọ́n mi Nasir, tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ omi ẹ̀gbin ní Crossness, ti kú, Falilat ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣe opó nínú fúláàtì wọn ní Thamesmead, nílùú ọba. Mùsùlùmí ni wá. Títí opó yóò fi pé, kò gbọdọ̀ máa jáde káàkiri, ọkùnrin kankan kò sì gbọdọ̀ dá jókòó tì í. Èmi Medinat, àbúrò ọkọ, ni mo kó ẹrù wá láti Woolwich. Wọ́n ní kí n wá tù ú nínú ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ni mo wá ṣe.

Ìyàwó wa ti bá obìnrin ará Japan kan tọ́jú ilé pẹ́ ní Blackheath. Nígbà tí obìnrin náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fún un ní fídíò àti téèpù fíìmù kan. Èdè Japan pọ́ńbélé ni, kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni obìnrin kan tó ń ṣọ̀fọ̀. Fọ́tò ọkọ rẹ̀, arúgbó onírun funfun, wà lórí pẹpẹ, ó ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ọkùnrin kan á wá wọlé láti inú yìnyín, ọ̀dọ́ tó dé àkẹtẹ̀, wọn á jọ jẹ ìndómì olómi, wọn á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Mo ṣàkíyèsí pé ojú opó yẹn máa ń dán bí alákẹtẹ̀ bá ti dé, mo sì sọ lọ́kàn mi pé obìnrin yìí ò nítìjú. Ojoojúmọ́ ni Falilat ń wò ó.

Sàlàkọ́ ń wa bọ́ọ̀sì gba Harrow Manorway, ibẹ̀ ló sì ti ń yà wá kí wa. Gbogbo wa láti Ìjẹ̀bú-Òde la mọ̀ pé òun ló yẹ kó fẹ́ Falilat kó tó di pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, àwọn àlejò pé, òun ò yọjú. Ó ti sá lọ bá ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Kò sì fìgbà kan sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Àfáà wa ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá obìnrin tó wà nínú opó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ní gbangba. Bí ọkùnrin bá ní nǹkan lọ́kàn, kó pa á lówe. Àfáà ò mọ̀ pé fídíò wà nílé.

Lọ́jọ́ tí Sàlàkọ́ kọ́kọ́ bá wa níbi fíìmù náà, ó ní, “Ẹ ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ?”

“Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?” ni mo dáhùn.

“Èmi gbọ́ ọ. Alákẹtẹ̀ yẹn, boyfriend ẹ̀ àtijọ́ ni. Ní báyìí tí ọkọ ti kú, ó ń sọ fún un pé ẹni tó pẹ́ kó tó dé náà lè jẹun.”

Mo wo Falilat. Ojú ẹ̀ ò yí padà. Ó ní, “Bọ̀dá Sàlàkọ́, ẹ ṣeun o. Ẹ máa bá wa túmọ̀ ẹ̀.”

Ló bá di pé gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló ń wá. Alákẹtẹ̀ á sọ ọ̀rọ̀ méjì péré, Sàlàkọ́ á túmọ̀ rẹ̀ títí tíì mi á fi tutù. Alákẹtẹ̀ ní obìnrin dáadáa ò gbọdọ̀ máa dá sùn nínú òtútù. Alákẹtẹ̀ ní láìpẹ́ òun á máa gba pẹ́ńṣọ̀n. Alákẹtẹ̀ ní òun ní fúláàtì tó ní heating dáadáa ní Abbey Wood.

“Abbey Wood ní Japan?” ni mo bi í.

“Ibi tó jọ Abbey Wood ni.”

Orí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sí tó ń ṣe gbogbo èyí! Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn wo ni mo fẹ́ fi kàn án? Kò bá ìyàwó wa sọ nǹkan kan. Ará Japan ló ń sọ̀rọ̀.

Falilat wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. “Bọ̀dá, ibi tó ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ yẹn. Kí ló dé tí kò padà wá?”

Sàlàkọ́ húkọ́. “Ó ní… àìsàn ló ṣe òun.”

“Ẹ rewind ẹ̀. Ẹ tún gbọ́ ọ dáadáa.”

Alákẹtẹ̀ fẹ̀yìn rìn jáde nínú ọkọ̀, ó tún wọ̀ ọ́. “Ó ní àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ni ò jẹ́ kóun sọ̀ kalẹ̀.”

“Ìyẹn kọ́ lẹ sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rewind ẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Ó wá yé mi. Ìyàwó wa ò wá ọkọ. Ó fẹ́ kí ọkùnrin yìí fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe sí òun, kó tó di pé ọ̀kan nínú wọn tún kú. Mi ò fẹ́ lé Sàlàkọ́ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹ̀pà sílẹ̀ dè é.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí opó pé, Falilat fúnra rẹ̀ ló dá téèpù padà síbi ọkọ̀ ojú irin yẹn. Sàlàkọ́ tẹjú mọ́ tẹlifíṣàn.

“Ẹ̀rù ló bà á,” ló wí níkẹyìn. “Bàbá ẹ máa bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, kò sì níṣẹ́. Ojú tì í. Ó rò pé òun á lọ sókè òkun, òun á padà wá bí èèyàn gidi. Ìgbà tó fi máa dé, o ti bímọ. Kò yẹ kó lọ láìránṣẹ́ sí ẹ. Ó ní… Falilat, ó ní kó o jọ̀ọ́.”

Alákẹtẹ̀ ti lọ tipẹ́ nínú fíìmù. Ojú irin àti yìnyín nìkan ló kù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Falilat sunkún. Èmi náà sunkún, mi ò mọ èyí tó kàn mí níbẹ̀.

Opó pé. Nírọ̀lẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Sàlàkọ́ dé pẹ̀lú kóòtù àti òdòdó tó rà lọ́jà Woolwich.

“Falilat, mo ti pa fíìmù tì. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ báyìí. Fẹ́ mi.”

Falilat ki òdòdó bọ omi, ó ní kó jókòó. “Bọ̀dá, madam mi ti sọ ìtàn fíìmù yẹn fún mi látòkè délẹ̀ kó tó fún mi. Alákẹtẹ̀ yẹn, òun gan-an ni ọkọ tó kú.”

“Báwo? Arúgbó inú fọ́tò ńkọ́?”

“Òun náà ni, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Obìnrin yẹn ń rántí ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó wá bá a nílé.”

Ẹnu Sàlàkọ́ là sílẹ̀. Pẹ́ńṣọ̀n ni o, Abbey Wood ni o, ẹnu òkú ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí látọjọ́ yìí! Mo fi etí ìró bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

“O mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa?”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn kì í ṣe irọ́, mo sì ti dárí jì yín. Ṣé ẹ mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò wá? A ti se ìrẹsì, àga yín ṣófo, gbogbo èèyàn ń wò mí. Nasir ará ilé kejì ló wọlé, kò sẹ́ni tó pè é. Ó jókòó sórí àga yẹn, ó ní ebi ń pa òun. Ó jẹun títí gbogbo ilé fi ń rẹ́rìn-ín. Nígbàkigbà tí alákẹtẹ̀ bá ń jẹ ìndómì ẹ̀, Nasir ni mò ń wò. Mi ò tíì wò ó tán.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ ìtàn yẹn fún mi rí. Èmi tí mo kó ẹrù wá pé mo fẹ́ bá a ṣọ́ ìyàwó rẹ̀.

Sàlàkọ́ de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. “Ṣé kò wá sí ọkùnrin míì nínú fíìmù náà rárá?”

Falilat ronú. “Ó ku ẹnì kan. Ẹni tó ń gbá yìnyín níwájú stéṣọ̀n. Ó máa ń kí opó yẹn láràárọ̀ tó bá ń kọjá.”

“Ṣé obìnrin náà máa ń dá a lóhùn?”

“Ó máa ń dá a lóhùn.”

Sàlàkọ́ wọ bàtà, ó jáde. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó dúró, ó tún ń gòkè bọ̀. Ó kanlẹ̀kùn, mo ṣí i. Kò wọlé. Ó wo ìyàwó wa láti ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ káàárọ̀ o,” ló wí. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn.

Falilat bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ látìgbà tí Nasir ti kú. “Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Sàlàkọ́.”