Fíláàṣì Mi Sùn Lójú Àna

Mo lá àlá kan, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sán gangan ni mo sì lá a, níbi iṣẹ́. Ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi, ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ pé ayàwòrán ni mí. Ìyá ìyàwó mi, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlá, ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, èmi ló sì ní kí n ya fọ́tò tí wọn yóò gbé kọ́ sí ọ́fíìsì. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ti ń béèrè bóyá fọ́tò yíyà tiẹ̀ jẹ́ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra fíláàṣì tuntun, iná tí wọ́n ń gbé karí kámẹ́rà, kí ó lè rí i pé mo mọṣẹ́.

Nínú àlá náà, bí mo ṣe ní kí ìyá ìyàwó mi àtàwọn olùkọ́ rẹ̀ tò, ọ́fíìsì gbéra nílẹ̀, ó léfòó lókè pápá bọ́ọ̀lù. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dùn mí ni pé bàtà mi wà nísàlẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ mi sì ti lu, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ń wo gbogbo wọn.

Mo gbé kámẹ́rà sójú. Fíláàṣì yí orí, ó kọjú sí àjà. Mo ní àwọn èèyàn ló wà níwájú, àjà kọ́.

Ó ní, "Bí mo bá tàn sí wọn lójú tààrà, ojú wọn á máa dán bí ẹni fi òróró pa á. Àjà funfun ni kí n tàn sí, kí ìmọ́lẹ̀ rọra bọ̀ sórí wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá orí mi kó lè máa yí. Ìwọ ni o kò ka ìwé tó bá mi wá."

Ìyá ìyàwó mi gbọ́. Ojú tì mí. Mo fi agídí yí orí rẹ̀ padà, mo tẹ bọ́tìnì, iná kọ mànà. Ọ̀gá tó wá láti ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ di òbúkọ lórí àga, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti inú fọ́tò burúkú. Kò sẹ́ni tó pariwo. Wọ́n sún fáìlì mọ́ ọn, ó ń jẹ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ gbé irùngbọ̀n sókè díẹ̀, sà."

Àfi bí fíláàṣì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn: bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀, á sùn, kí bátìrì má baà tètè tán. Gbogbo wọn fi eyín síta dè mí títí eyín fi gbẹ. Ìyá ìyàwó mi wo àtàǹpàkò mi, ó wo fíláàṣì.

"Gbóyèga, ṣé iṣẹ́ tí o fi ń bọ́ ọmọ mi nìyí?"

Òbúkọ ló dáhùn; ó ní òun kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ àna àti àna. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti jìnnà sí wa.

Fíláàṣì la ojú kan. Ó ní, "Rọra tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà dé ìdajì, màá jí." Mo tẹ̀ ẹ́, èjìká ara mi ni mo ń tẹ̀.

Mo lajú. Ìka ìyá ìyàwó mi ló wà ní èjìká mi. Orí bẹ́ǹṣì yàrá àwọn olùkọ́ ni mo wà, níbi tí mo ti ń retí ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ tó pẹ́ dé. Ó ti dé. Wọ́n ti tò sórí àga, wọ́n ń wò mí. Ọ̀gá náà ń jẹ ẹ̀pà, irùngbọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bàtà mi wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, àtàǹpàkò mi sì ti yọjú.

Mo he kámẹ́rà. Iná pupa tó wà lẹ́yìn fíláàṣì ti kú. Mo rọra tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, ó tàn. Mo yí orí rẹ̀ sí àjà kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ìyá ìyàwó mi wo èmi, ó wo fíláàṣì. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ káàárọ̀ o."

Mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti kámẹ́rà lọ́rùn.