Bàtà Pupa Ọpẹ́dayọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nítorí ilẹ̀ tàbí nítorí obìnrin ni ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi ṣe ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà Kàbbà, irọ́ ló pa. Nítorí bàtà ni. Mo wà níbẹ̀, eyín mi kan sì ṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹnu mi ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Moses ni àkọ́bí ilé wa. Ó yẹ kí èmi Martha máa pè é ní Bọ̀ọ̀dá Moses, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì rọ̀ débẹ̀. Òun ló jókòó ti Bàbá sílé, tó ń dáko iṣu, tó ń wẹ̀ fún wọn, tó ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní torí ìbínú fi í pa mọ́. Ọpẹ́dayọ̀ ni àbíkẹ́yìn, Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́. Sátidé ló fẹ́ gbé Delight, ọmọ ìlú Ìyàmoyè, níyàwó.

Àìsàn ti tẹ ọrùn Bàbá wa, Olóyè Ọláníran, wálẹ̀, wọn kò lè gbé orí sókè mọ́. Bí wọ́n bá jókòó sínú àga ní pálọ̀, ilẹ̀ nìkan ni ojú wọn ń bá pàdé. Ẹsẹ̀ wa ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀. Bí sílípáàsì mi aláwọ̀ ewé bá ti wọlé, wọn á ti kí mi pé, “Martha, okun o,” kí n tó la ẹnu. Ojú náà sì ti ń ṣú. Ohun dúdú lórí sìmẹ́ńtì wa, òjìji lásán ni lójú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí àwọn rí Ọpẹ́dayọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ kí àwọn tó kú. Wọn kò lè dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn la ṣe fẹnu kò pé ọkọ ìyàwó yóò kọ́kọ́ wá dúró níwájú wọn.

Tọ́sídò ni Ọpẹ́dayọ̀ rán, kóòtù dúdú tí kọ́là rẹ̀ ń dán, pẹ̀lú bótáì pupa. Ó ra bàtà dúdú tó ń kọ mọ̀nà sí i, ó wọ gbogbo rẹ̀ lọ dúró níwájú Bàbá kí wọ́n bá a wò ó. Bàbá wo ilẹ̀ títí.

“Ta nìyẹn?” ni wọ́n bi í.

Èmi rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́dayọ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó jáde, ó bọ́ bàtà náà bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bàtà ti di àìsàn sí i lára. Ó ra aláwọ̀ ilẹ̀ lọ́jà, Delight ní kò jẹ́ bá tọ́sídò lọ, pé àwọn èèyàn òun yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dárúkọ funfun, ìyàwó ní ṣé akọrin ni. Ó ní bó bá ti jẹ́ tọ́sídò, àfi bàtà dúdú tó ń dán, tàbí bàtà tí kò ní okùn tí wọ́n fi àrán bò, èyí tó lè pupa bó bá wù ú. Ọpẹ́dayọ̀ wá àrán pupa káàkiri Kàbbà, èyí tó rí fẹ́lẹ́ ju aṣọ ojú fèrèsé lọ. Nígbà tó di Tọ́sìdeè, ó ní òun ti rí aṣọ, ó ki í bọ abíyá, ó gba ọ̀dọ̀ Olúbọ̀dé aránbàtà lọ. N kò bi í pé níbo ló ti rí i.

Àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn Bàbá. Aṣọ ìpò ló wà nínú rẹ̀, aṣọ pupa tí wọ́n hun ní ilẹ̀ Bùnù kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Bí olóyè bá kú, òun ni wọ́n ń ta síwájú ilé rẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé ẹni ńlá ti lọ. Olóyè tó bá kú tí kò ní in, ẹnu ayé kò ní kúrò lára àwọn ọmọ rẹ̀. Moses ń tọ́jú aṣọ yìí ju ara rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ Fúráìdeè ó gbé e jáde láti sá a sóòrùn, ó sì rí i pé wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lọ.

Ó rántí ẹni tó ti ń wá aṣọ pupa kiri, ó ká èyí tó kù padà sínú àpótí jẹ́jẹ́. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bó ṣe gun máṣìn ni mo fò mọ́ ọn lẹ́yìn.

A bá Ọpẹ́dayọ̀ lórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù Olúbọ̀dé, bàtà pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí wọn síbí yí wọn sọ́hùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, bàtà náà dára. Moses fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu kí ẹ̀rín náà tó kúrò níbẹ̀.

“Bọ́ ọ,” ni Moses wí. “Aṣọ òkú Bàbá lo fi ń ṣe fàájì.”

“Bàbá ló ní kí n gé e.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lójú Moses, ọmọ náà jalè tán, ó tún fẹ́ ki irọ́ bọ baba tó ń kú lọ lẹ́nu. Ó gbé ẹsẹ̀ onígi tí Olúbọ̀dé fi ń na bàtà, ó fọ́ ọ mọ́ ọn léjìká. Mo gbọ́ egungun. Mo kó sáàárín wọn, ìgúnpá Moses bà mí lẹ́nu, mo sì tu eyín sọ́wọ́. Ọpẹ́dayọ̀ náà kì í ṣe àgùntàn. Ó fa òlu tí wọ́n fi ń lu awọ yọ nínú àwọn irinṣẹ́, ó gún Moses lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó yọ ọ́, ó gún ti òsì. Sílípáàsì Moses fò lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí ti gbàgbé.

Moses bá mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé awọ. Ó jókòó lé àbúrò rẹ̀ lórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń bó ewúrẹ́. Ọpẹ́dayọ̀ ń tàpá. Mo bu Moses jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi kún ẹnu mi, kò tilẹ̀ mọ̀. Ọ̀bẹ la aṣọ, ó la awọ, ó wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí iṣan já. Ẹ̀jẹ̀ kò hàn lára aṣọ pupa náà. Ìgbà tó dà sílẹ̀ la tó mọ bó ti pọ̀ tó.

Àwọn ọlọ́jà ló fà wọ́n ya. Olúbọ̀dé àti àwọn kan gbé Ọpẹ́dayọ̀ lọ sílé ìwòsàn, níbi tí dókítà ti sọ pé yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀ títí ayé. Moses ṣa bàtà méjèèjì, ó fi máṣìn sílẹ̀, ó forí lé ilé láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀. Ó ní Bàbá yóò gbọ́ lónìí ohun tí àbíkẹ́yìn wọn ṣe. Mo sá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ìròyìn yìí lè pa Bàbá. Ibi tó bá tẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń kù sí.

Ó wọ pálọ̀, ó dúró níwájú àga Bàbá, ó la ẹnu. Bàbá ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti àtàǹpàkò dé ọrùn ẹsẹ̀, kò síbi tí kò pupa. Ìgbà mélòó ni mo ti rí ẹ̀rín Bàbá lọ́dún yìí? Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ọpẹ́dayọ̀, okun o,” ni Bàbá wí. “Mo rí ọ. Kedere ni mo rí ọ.”

Moses wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Má sọ fún Moses pé èmi ni mo ní kí o gé e. Ọmọ rere ni, òkú mi ló ń rò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ta aṣọ yẹn síta, èmi ò ní sí níbẹ̀ láti wò ó. Rìn díẹ̀ kí n wò ọ́.”

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà méjèèjì wà lọ́wọ́ Moses, níbi tí ojú Bàbá kò lè dé. Ó kó wọn mọ́ àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.