Sẹ́ẹ̀lì Ìyá Nínú Àwo

Ìyá ti wọlẹ̀ lọ, àmọ́ jẹjẹrẹ tó pa á ṣì ń jayé orí ẹ̀ nínú àwo kékeré kan ní láàbù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀, ló ń bọ́ ọ lójoojúmọ́. Ẹ ò rí ìyà bí?

Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí kínéèsì, àwọn pùrótéènì tó ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín sí méjì. Èyí tó ń lépa kì í gba gbẹ̀rẹ́: bí okùn inú sẹ́ẹ̀lì bá so mọ́ kromosóòmù, ohun tó gbé àbùdá dání, lódì, yóò tú u, kí wọ́n lè tún un so. Oògùn tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe ló ń dí kínéèsì náà lọ́wọ́, kí jẹjẹrẹ lè pín ìpínkúpìn-ín, kó sì kú.

Nígbà tí wọ́n ń wá aláìsàn tí yóò kọ́kọ́ gbà á, ọmọ náà bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyá gbà á, títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìyá fẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló fàáké kọ́rí.

"Ẹ ò ní fi ìyá mi ṣe eku láàbù!"

Bàbá gbè é lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ náà wo àwo tó da oògùn sí. Kromosóòmù ti fọ́n káàkiri bí ẹ̀wà tó dànù, sẹ́ẹ̀lì sì ti kú bẹẹrẹ. Ọ̀gá rẹ̀ pàtẹ́wọ́: "O káre! Kò ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí rí!" Ó ṣe é bíi kó gbá a létí. Ó mọ̀ pé àwo kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tu ọkàn rẹ̀ nínú.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Oògùn yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣiṣẹ́?"

Látìgbà tí wọ́n ti sin ìyá ló ti ń pọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" sílẹ̀ dè é. Ó fẹ́ kó dùn ún wọ egungun.

"Mi ò rí oorun sùn, àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó bínú sí àánú náà.

"Kò ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Àfi bó ṣe ké: "Ṣé mi ò sọ? Ẹ̀yin onímọ̀ọ́tán! Bàbá rèé, sọ ọ́ fún wọn. Èmi ni wọ́n ń dá lẹ́bi nínú ilé yìí."

Bàbá gba fóònù. 

"Kò ṣiṣẹ́, bàbá," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló jàre."