Ta Ló Ni Oko Tí Baba Micah Dá?

“Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún wọn lésì!” Mẹ̀dínátù ti ń pariwo kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ridwanullah Bàrúwà, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Òun àti ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti wà láàárín oko ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn Ìdógò. Baba Micah, tó ti ń dáko níbẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wọn ṣì wà láyé, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Mẹ̀dínátù ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó ní ohun tí àwọn onímọ̀ òṣèlú ayé àtijọ́ sọ, pé ẹni tó bá fi òógùn ojú rẹ̀ sọ igbó di oko ló ni ín. Ọmọbìnrin kan, Ọ̀ṣúnkẹ́mi, nawọ́ sókè.

“Mà, àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mẹ̀dínátù kọ ìbéèrè náà sí pátákó pé kí wọ́n lọ rò ó wá. Bó ṣe ń jáde ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù pé òun ti rí ẹni tó máa ra oko.

“Kí ni Baba Micah máa rí gbà?” Mẹ̀dínátù béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú oko báyìí.

“Gbà bíi báwo? Ilẹ̀ Bàrúwà ni.”

“Igbó ni bàbá wa fún wọn. Àwọn ni wọ́n ṣán an, àwọn ni wọ́n gbin gbogbo ọ̀pẹ yìí. Epo tí wọ́n ń gbé wá fún ìṣákọ́lẹ̀ ni Màmá ń tà tí wọ́n fi rán wa níléèwé.”

“Mẹ̀dínátù, má fi ìwé tí o kà da ọjà mi rú! Ní kíláàsì rẹ, ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ni ín. Níbí, ẹni tó jogún ló ni ín. Ṣé ìwọ lo máa bá mi bọ́ àwọn ọmọ mi?”

Mẹ̀dínátù lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba Micah.

“Ó dáa. Ẹ yọ ìpín tèmi sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó máa lé Baba Micah kúrò níbẹ̀.”

Ó rò pé ìyẹn á dá a dúró. Ridwanullah bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì padà wá tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Nínú òfin Ìsìláàmù, obìnrin ń jogún ìdajì ohun tó kan ọkùnrin, àwa méjì péré la sì wà. Mú ọ̀hún yẹn.”

Akùrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ oko ló nawọ́ sí. Ọ̀pẹ kan kò sí níbẹ̀.

“Alájì! Orí òkè ni ọ̀pẹ wà!”

“Ìpín lo béèrè. O ti rí i gbà.”

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Omijé ìbínú dà lójú Mẹ̀dínátù.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé báyìí ló máa rí.”

“Ata àti ẹ̀fọ́ á ṣe dáadáa lákùrọ̀,” ni Baba Micah wí. “Ọ̀pẹ ni kì í tètè so. Ní ọjọ́ orí tèmi...”

“Ẹ ò ní san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́.”

Baba Micah mi orí, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì mú dòjé tó so mọ́ ọ̀pá gígùn.

“Wọn ò tíì san owó oko, ẹyìn tó wà lórí ọ̀pẹ ṣì jẹ́ tèmi. Àwọn tó ti pọ́n nìyẹn.”

Ìdì ẹyìn àkọ́kọ́ já lulẹ̀ gbì. Mẹ̀dínátù bọ́ bàtà, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà á.